Ẹ Bi Wá Léèrè: Kápọ́ọ̀tì tó ń já, òrí tó ń bà á jẹ́, àti ohun tí ẹ lè ṣe kí wákàtí 72 tó pé

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kápọ́ọ̀tì, rọ́bà ìdáàbòbò, ló kún inú àwọn ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Sábẹ ní ilẹ̀ Benin. A ti yọ orúkọ kúrò, a sì ti pa àwọn tó jọra pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá já lálẹ́ àná, kó má ka èyí láti òkè. Kó lọ tààrà sí ìbéèrè kejì, torí wákàtí ń lọ.

Ìbéèrè 1

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Zémìjàn, alùpùpù akérò, ni mò ń wà ní Àjàṣẹ́. Kápọ́ọ̀tì ti já mọ́ mi lára lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ayédèrú ni, pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń kó o wọlé. Abẹ́ ìjókòó alùpùpù mi ni mo máa ń tọ́jú rẹ̀ sí kí àwọn ọmọ má baà rí i. Ṣé kí n máa wọ méjì pọ̀ ni?*

Kí á tó di ẹ̀bi ru Nàìjíríà, ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ ká yẹ abẹ́ ìjókòó yẹn wò ná. Oje igi rọ́bà, tí wọ́n ń pè ní látẹ́ẹ̀sì, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ kápọ́ọ̀tì, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ibi tó gbẹ, tó ní ibòji, tí ooru rẹ̀ kì í sábà kọjá 30 dígírì, ló yẹ kó máa gbé. Alùpùpù tó dúró sóòrùn ọ̀sán ní oṣù kẹta, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń gbóná nísàlẹ̀, ooru abẹ́ ìjókòó rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni rọ́bà á máa gbẹ níbẹ̀, tí kò ní lè nà mọ́ bó ṣe yẹ. Kò sì ní hàn lójú. Ìgbà tí ẹ bá ń lò ó ló máa tó jẹ́wọ́. Àpamọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fi sẹ́yìn ṣòkòtò kò sàn ju ìyẹn lọ: ara ń mú un gbóná, ìdí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, káàdì àti owó ẹyọ ń ha ọ̀rá rẹ̀ títí ó fi lu. Ẹ lè mú ọ̀kan tàbí méjì sápò fún ìrọ̀lẹ́ kan. Àmọ́ inú páálí rẹ̀, nínú yàrá, lókè àpótí tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ni ilé rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti ń rà á náà ní tirẹ̀ nínú. Ẹni tó pàtẹ kápọ́ọ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò epo kpayo (epo ọkọ̀ fàyàwọ́) lójú títì láti àárọ̀ di alẹ́, oòrùn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára ọjà yẹn kó tó dé ọwọ́ yín. A ò bá a ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n àwa ò ní rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rà á ní famasí, tàbí kí ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìfètò sọ́mọ bíbí, tàbí lọ́dọ̀ ABPF, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìfètò sọ́mọ bíbí ní Benin.

Ayédèrú wà nígboro lóòótọ́. Àmọ́ kápọ́ọ̀tì gidi kì í ṣe nǹkan ẹlẹgẹ́. Kí ilé iṣẹ́ tó kó o jáde, wọ́n á mú díẹ̀ nínú ìpín kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe, wọ́n á da omi mìlílítà 300 sínú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń jò, wọ́n á sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú òmíràn. Kò gbọ́dọ̀ bẹ́ kó tó gba lítà 16, ó kéré tán. Ẹni tó bá ń fọ́nnu pé nǹkan òun ló tóbi tó fi ń ya rọ́bà, kó fi lítà 16 yẹn ro ó dáadáa.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti mú un lọ́wọ́, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà EXP. Bí oṣù àti ọdún yẹn bá ti kọjá, ẹ jù ú nù, bó ti wù kó dán tó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rá rẹ̀: ó yẹ kí ẹ gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ tó ń ti ọwọ́ yín padà. Èyí tó bá rọ̀ pẹlẹbẹ, ihò ti wà lára rẹ̀ níbì kan. Bí ẹ bá sì ṣí i tó ń lẹ̀ mọ́ra, tó le gbagidi, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí, ẹ má wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ibi ìtọ́jú, ọwọ́ ló kù. Ẹ ti rọ́bà inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó fa ọ̀rá náà ya níbi tí etí rẹ̀ ti ní eyín-eyín. Ẹ má fi eyín ẹnu ya á, ẹ má fi abẹ tàbí sísọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn. Èékánná gígùn àti òrùka tó ní ṣóńṣó náà ń ya á. Nǹkan ọkùnrin gbọ́dọ̀ ti le dáadáa, kò sì gbọ́dọ̀ tíì kan ojú ara obìnrin rárá. Ẹni tí wọn kò dá adọ̀dọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ fa awọ orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ wá fi ìka méjì di ṣóńṣó orí kápọ́ọ̀tì mú, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì ṣẹ́ kù níwájú fún àtọ̀. Bí ẹ ṣe di orí rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó fi ọwọ́ kejì yí i sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí pátápátá. Bí ìdajì nìkan bá wọlé, ó lè bọ́. Afẹ́fẹ́ tó há sórí kápọ́ọ̀tì wà lára ohun tó sábà ń bẹ́ ẹ, ìyẹn sì lè jẹ́ tiyín tí abẹ́ ìjókòó kò bá jẹ̀bi.

Etí tó ká gbọ́dọ̀ wà lóde. Bí kò bá yí sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, a jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ gbé síwájú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á kàn yí i padà, wọ́n á sì wọ̀ ọ́. Omi tó ń ṣáájú àtọ̀ ti kan ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ló sì máa kan inú obìnrin. Ẹ jù ú nù, ẹ mú òmíràn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ènìyàn máa mú dání.

Gbígbẹ náà ń ya á. Bí ìyàwó kò bá tíì rọ̀, ẹ má kánjú, tàbí kí ẹ fi jẹ́ẹ̀lì olómi sí ara òde kápọ́ọ̀tì (a ó sọ irú èyí tó yẹ ní ìbéèrè kẹta). Bí ó bá ń pẹ́, tó ti tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àtọ̀ bá ti jáde, ẹ di etí kápọ́ọ̀tì mú mọ́ ìdí nǹkan yín, kí ẹ sì yọ jáde kó tó rọ̀. Ẹni tó bá sùn lọ sínú rẹ̀, ńṣe ni kápọ́ọ̀tì á kù sínú lọ́hùn-ún, tí àtọ̀ á sì tú dànù. Ọtí sódàbì ló sábà ń fa irú ìyẹn.

Méjì pọ̀ ńkọ́? Rárá o. Rọ́bà tó bá ń ha rọ́bà, ó rọrùn kí ó ya tàbí kí ó yọ. Ẹyọ kan tí ẹ tọ́jú síbi tí ooru kò sí, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tí ẹ wọ̀ dáadáa, ó tó.

Ìbéèrè 2

*Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Sábẹ. Kápọ́ọ̀tì já lálẹ́ àná, a ò sì mọ̀ títí a fi parí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ inú abẹ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?*

Má fi ọsàn wẹ́wẹ́ sún mọ́ ibẹ̀, àbúrò wa. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àtọ̀ ti ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ kọjá. Omi tí o bá fi fọ̀ ọ́ kò ní lé e bá. Ohun tí ọsàn, iyọ̀ tàbí ọṣẹ máa ṣe ni pé á bó awọ inú, ojú ọgbẹ́ yẹn sì ni kòkòrò ń fẹ́. Tọ̀, fi omi lásán fọ ìta, kó o sì gbéra.

Méjì ni ohun tí o ní láti lé bá: oyún àti kòkòrò VIH tó ń fa sídà. Àwọn méjèèjì ló ní wákàtí tiwọn.

Fún oyún, wọ famasí, kí o ní «pilule du lendemain» lo fẹ́, oògùn tó ń dènà oyún lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Oríṣi méjì ló wà. Levonorgestrel mìlígíráàmù 1.5 ni a ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín wákàtí 72 ló dára jù, bó bá sì yá ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. A ṣì lè lò ó dé ọjọ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á ti dín kù. Ulipristal mìlígíráàmù 30 ni èkejì, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di wákàtí 120. Bí o bá bì láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn levonorgestrel, tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ulipristal, o ní láti lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí o bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí oògùn wárápá, sọ fún oníṣègùn inú famasí, torí àwọn kan nínú wọn ń pa agbára rẹ̀. Oògùn yìí kì í ṣẹ́ oyún. Ó ń dá ẹyin dúró kó má tíì jáde ni. Kò sì dáàbò bo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, torí náà kápọ́ọ̀tì ṣì ni títí nǹkan oṣù á fi dé. Ohun tó lágbára ju oògùn méjèèjì lọ ni stérilet oníbàbà tí agbẹ̀bí ń fi sínú ilé ọmọ láàárín ọjọ́ márùn-ún, tí o bá ti ń ronú ìfètò sọ́mọ bíbí ọlọ́dún púpọ̀ tẹ́lẹ̀.

Fún VIH, ilé ìwòsàn ni kí o lọ, kì í ṣe famasí. Sọ fún wọn pé kápọ́ọ̀tì já àti wákàtí tó já, kí o sì béèrè ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní «traitement post-exposition». Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Àárọ̀ yìí sàn ju ọ̀la lọ. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó, lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kankan. Dókítà ni yóò sọ bóyá o nílò rẹ̀. Bí ọmọkùnrin náà bá lè bá ọ lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, ìyẹn á mú ìpinnu rọrùn. Ẹ̀yin ọmọkùnrin tó ń ka èyí: ẹ má jẹ́ kó dá lọ.

Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò lónìí fún VIH láti mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí o sì ṣe ti ìkẹyìn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí àyẹ̀wò tó bá yá jù lè má rí kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àyẹ̀wò sífílísì náà wà nínú ti oṣù mẹ́ta. Bí nǹkan oṣù bá fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀, tàbí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti pé láti alẹ́ àná, ṣe àyẹ̀wò oyún. Omi tó ń dà, ìtọ̀ tó ń ta, egbò, tàbí inú rírun nísàlẹ̀ ikùn: má dúró de ọjọ́ kankan, padà lọ.

Ìbéèrè 3

*Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ni mí ní Kétu. Àbíkẹ́yìn mi pé oṣù márùn-ún, ó ṣì ń mu ọmú, mo sì ti ń fún un ní ògì díẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ gbà pé kí á máa lo kápọ́ọ̀tì, ó sì máa ń lọ sí ọjà Ìmẹ̀kọ. Ara mi máa ń gbẹ láti ìgbà tí mo ti bímọ, torí náà òrí ni mo fi ń pa á kó lè yọ̀. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Ṣé kápọ́ọ̀tì nìkan sì tó?*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Òrí dára fún awọ, ó dára fún ọmọ ìkókó, ó sì dára nígbà ọyẹ́. Lára kápọ́ọ̀tì, ó ń bà á jẹ́ ni. Ọ̀rá kì í bá rọ́bà látẹ́ẹ̀sì gbé: ó ń wọ inú rẹ̀, ó ń mú un rọ̀, ó sì ń gba okun rẹ̀, kódà láàárín ìṣẹ́jú kan. Epo pupa, àdí, àdí àgbọn, epo ẹ̀pà, fásìlínì, pọ́màdì ara, epo ọmọdé, bọ́tà: gbogbo wọn ọ̀kan náà ni. Ọwọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa òrí sára náà tó láti ba kápọ́ọ̀tì jẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó mú un. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń fi sínú ojú ara obìnrin fún ìyún náà ní ọ̀rá. Ẹ béèrè kí ẹ tó pa á pọ̀ mọ́ kápọ́ọ̀tì.

Gbígbẹ yẹn kì í ṣe àìsàn. Ọmú fífún ló ń dín ohun tó ń mú kí ojú ara rọ̀ kù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń padà sípò nígbà tí ọmọ bá jáwọ́. Fún báyìí, ẹ ní «gel à base d'eau», jẹ́ẹ̀lì olómi, lẹ fẹ́ ní famasí. Oní-silíkónì náà kò pa rọ́bà lára. Ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta lára òde kápọ́ọ̀tì lẹ́yìn tí bàbá bá ti wọ̀ ọ́ tán ti tó. Bí ó bá fẹ́, ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú orí rẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á yọ bọ́ọ́lẹ̀. Itọ́ kì í ba rọ́bà jẹ́, àmọ́ kíá ló ń gbẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ oyún. Nínú 100 obìnrin tó fi kápọ́ọ̀tì ọkùnrin nìkan ṣe ìfètò sọ́mọ bíbí fún ọdún kan, bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó gan-an, tí wọ́n ń gbàgbé, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ láàárín ọ̀nà, nǹkan bí 13 ló ń lóyún. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni wọ́n lò ó, tí wọ́n sì lò ó bó ṣe yẹ, 2 ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá ní «ó dàárọ̀» ló ń sọ 2 di 13. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tí kò fẹ́ ìkarùn-ún báyìí, àwa á gbà á níyànjú kó fi ohun mìíràn kún un. Ọmú nìkan kò tún lè gbà yín lọ́wọ́ oyún mọ́, torí ohun mẹ́ta ló ní láti pé: kí nǹkan oṣù má tíì padà, kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà, kó sì jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sán tòru. Ògì yẹn ti yọ ọ̀kan kúrò. Ẹ lọ bá agbẹ̀bí: igi tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, tó ń ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti stérilet kò pa ọmú lára. Oríṣi oògùn olójoojúmọ́ kan wà tí wọn kì í sábà fún ìyá tó ń tọ́mọ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà, nítorí náà ẹ sọ ọjọ́ orí ọmọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi igi apá lé kápọ́ọ̀tì lọ. Kò sí ìkankan nínú àwọn tó kù yẹn tó ń dá àìsàn dúró. Ohun tí bàbá àwọn ọmọ ń ṣe ní Ìmẹ̀kọ kì í ṣe tiwa láti sọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà ló máa sọ bóyá ẹ lè pa kápọ́ọ̀tì tì.

Ìbéèrè 4

*Awakọ̀ akẹ́rù ni mí, ọ̀nà Kútọnu sí Parakou ni mò ń ná, Sábẹ ni ilé mi. Bí mo bá ti wọ kápọ́ọ̀tì, ńṣe ni nǹkan mi á rọ̀. Ó há mọ́ mi.*

Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ẹ ó rí «largeur nominale». Fífẹ̀ rẹ̀ nìyẹn nígbà tí a bá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, 53 mìlímítà ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ fi òwú yí ibi tó nípọn jù lára nǹkan yín ká nígbà tó bá le, kí ẹ fi rúlà wọn òwú náà. Bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, ẹ wá 56 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; bí kò bá tó 11, tó ń yọ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ wá 49. Bí ìwọ̀n kì í bá ṣe ìṣòro, a jẹ́ pé ọkàn ni. Ẹ dá wà, ẹ wọ méjì tàbí mẹ́ta dànù kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó wà nítòsí, ní ṣíṣí, kó má di pé ẹ̀ ń wá a kiri nínú òkùnkùn. Ohun tó bá pẹ́ ju oṣù díẹ̀ lọ, tàbí tó ń ṣẹlẹ̀ láìsí kápọ́ọ̀tì pẹ̀lú, dókítà ni kí ẹ rí, torí ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà á.

Ìbéèrè 5

*Gbogbo ìgbà ni mò ń lo kápọ́ọ̀tì, síbẹ̀ egbò kan yọ sí mi lábẹ́. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa? Ní Àjàṣẹ́ ni mo wà.*

Kì í ṣe irọ́, ibi tí kápọ́ọ̀tì bò ló ń ṣọ́. Àìsàn tó ń gba inú omi ara kọjá ló ń dá dúró jù: VIH, àtọ̀sí, kílámídíà, tìrìkómónásì. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ lórí àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn ní VIH fi hàn pé lílo kápọ́ọ̀tì nígbà gbogbo ń dín àkóràn kù ní nǹkan bí 80 nínú 100. Àwọn tó ń gba ara awọ kọjá ló nira: hẹ́pììsì, kòkòrò HPV tó ń fa èèwo kéékèèké àti jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, àti sífílísì. Bí egbò bá wà ní ìdí itan, lára kóropọ̀n tàbí létí ojú ara, rọ́bà kò dé ibẹ̀. Ó ṣì ń dín wọn kù, àmọ́ kì í dí ọ̀nà wọn tán. Obìnrin tó ti pé ọdún 30 yẹ kó lọ yẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀ wò, bó lo kápọ́ọ̀tì, bí kò lò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún àrùn ẹ̀dọ̀ B àti fún HPV.

Egbò tí kò dùn rárá, tó le létí, tó sì san fúnra rẹ̀, òun ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Sífílísì máa ń rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Ojú egbò á lọ, kòkòrò á kù sínú ẹ̀jẹ̀, aboyún sì lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì ló ń wò ó. Ẹ má lọ ra hóró oògùn aláwọ̀ méjì tí wọ́n ń gbé kiri nínú ọjà Ouando. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni oògùn kan ń pa, iye tí kò tó ló sì ń jẹ́ kí àtọ̀sí di èyí tí oògùn ò ràn mọ́. Ẹnìkejì yín gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá, torí àtọ̀sí àti kílámídíà lè wà lára obìnrin fún ìgbà pípẹ́ láìfi ohunkóhun hàn, títí wọn á fi dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Bí àtọ̀sí tàbí kílámídíà bá ni, ọjọ́ méje lẹ́yìn oògùn ni kí ẹ tó tún bára yín sùn. Ti sífílísì, ẹ dúró kí ojú egbò jinná pátápátá.

Ìbéèrè 6

*Ọkọ mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kápọ́ọ̀tì sétí. Wọ́n ní ti obìnrin wà. Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó? Kétu.*

Ó wà. Àpò gbọọrọ kan ni, òrùka rírọ̀ kan wà nínú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, òrùka ńlá kan wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí kì í ṣe látẹ́ẹ̀sì, torí náà ọ̀rá kì í bà á jẹ́. Ẹ lè fi sí i tó wákàtí mẹ́jọ kí bàbá tó wọlé. Ẹ lóṣòó tàbí kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sórí àpótí, ẹ fún òrùka inú pọ̀ kó rí bíi nọ́ńbà mẹ́jọ, ẹ tì í sínú bó bá ti lè lọ tó, kí ẹ wá ki ìka kan sínú àpò náà láti tẹ̀ ẹ́ kọjá eegun iwájú. Bó bá jókòó dáadáa, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Òrùka ńlá á wà níta, ó sì ń bo apá kan ìta ojú ara pẹ̀lú. Nígbà tí ọkọ bá fẹ́ wọlé, ẹ fi ọwọ́ darí rẹ̀ sínú àpò, torí ó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyẹn lohun tó sábà ń bàjẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó dìde, ẹ yí òrùka ìta po kí ohun inú rẹ̀ má dà, kí ẹ sì fà á jáde. Kò gbọ́dọ̀ pàdé kápọ́ọ̀tì ọkùnrin: ọ̀kan tàbí èkejì. Nínú 100 obìnrin, nǹkan bí 21 ló ń lóyún láàárín ọdún bí wọ́n ṣe ń lò ó gan-an, 5 bó bá jẹ́ lílò tó pé. Kò tó ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀yin ló wà.

Àwọn tí kò gùn

*Kápọ́ọ̀tì kù sínú mi. Ṣé ó lè lọ sínú ikùn?* Kò lè lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ kéré jù fún un. Ẹ lóṣòó, ẹ ki ìka méjì sínú, ẹ fi fà á jáde. Bí ọwọ́ ò bá tó o, agbẹ̀bí á yọ ọ́ kíá. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìbéèrè kejì, torí bákan náà ni pẹ̀lú èyí tó já.

*Ara ń yún mí lẹ́yìn tí a bá lò ó.* Látẹ́ẹ̀sì kò bá àwọn kan lára mu. Ẹ béèrè fún «sans latex», èyí tí kò ní látẹ́ẹ̀sì. Tí èyí tí ẹ ń lò bá ní spermicide (oògùn tó ń pa àtọ̀) tó ń jẹ́ nonoxynol-9, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: bí a bá ń lò ó léraléra, ó ń bó awọ inú, ó sì ń jẹ́ kí VIH rí ọ̀nà wọlé. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tí mímí sì nira, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

*Ọkọ mi ní VIH, ó ń lo oògùn, dókítà ní wọn ò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣé mo lè bímọ fún un?* Ẹ lè bí. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ láìfo ọjọ́, tí àyẹ̀wò sì ń fi hàn léraléra pé kòkòrò kò hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í fi VIH ran ẹnìkejì rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Ẹ jọ lọ bá dókítà kí ó bá yín mú àsìkò, kí ẹ sì padà sí kápọ́ọ̀tì nígbà tí oyún bá ti dúró tí ẹ kò bá fẹ́ kó àtọ̀sí tàbí sífílísì.

*Ṣé a lè fọ̀ ọ́ lò lẹ́ẹ̀mejì?* Rárá. Ẹ so ó ní kókó, ẹ fi bébà wé e, ẹ sọ ọ́ sínú àpótí ìdọ̀tí tó ní ìdérí tàbí sínú ṣáláńgá. Ilé ìgbẹ̀ olómi kọ́ ni o, á dí i pa. Ẹ má sì sọ ọ́ síta gbangba, torí àwọn ọmọ á mú un, wọ́n á máa fẹ́ ẹ.